Owó Etí

Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin tó ń gbé ní Tánkẹ̀ n'Ílọrin ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò rẹ̀ ní kùtùkùtù, ó gbé fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ èńjìnnì, ó ní kí ìyàwó òun bá òun sítáàtì ẹ̀. Camry 2008 ni, èyí tí àwọn tó ń ta mọ́tò ń pè ní Muscle. Ariwo tó pa ò gùn rárá. Jàlà-jàlà-jàlà, ó dákẹ́, èńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í mí jẹ́jẹ́. Ó fi ohùn náà ránṣẹ́ lórí WhatsApp sí mẹkáníìkì kan ní Ìbàdàn tí kò fojú kan mọ́tò náà rí. Kó tó wẹ̀ tán, èsì ti dé: kó fa gééjì ọ́ìlì yọ wò, bí ọ́ìlì bá pé, gíà VVT-i tó wà lórí kámúṣáàfù ló ń ké, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú èńjìnnì. Nọ́ńbà àkáǹtì àti iye owó ló tẹ̀ lé e.

Mo bi í pé owó kí ni. Ó ní owó tí ọkùnrin náà fi gbọ́ ọ ni.

Owó etí! Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà ò pẹ́ lẹ́nu mi. Nínú GRA Ìlọrin níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà, ọkùnrin kan gbọ́ ariwo mọ́tò bàbá wa fún ọdún gbọọrọ. Bó bá ti tú nọ́ọ̀tì, a ó sanwó. Bó bá pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì, a ó sanwó. Àmọ́ gbígbọ́ tó ń gbọ́ yẹn, èyí tó jẹ́ pé òun gan-an ni iṣẹ́ náà, mi ò rántí pé kọ́bọ̀ kan kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀.

Ẹni tó bá ti ní mọ́tò àgbà mọ irú ariwo tí mo ń sọ. Kò ṣeé gbé lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Bí mọ́tò bá sùn mọ́jú, ọ́ìlì á ti ṣàn kúrò lókè èńjìnnì lọ sínú àwo ìsàlẹ̀, irin á ti sún kì, àlàfo á sì wà láàárín irin àti irin. Bí o bá tan án, wọ́n á máa lu ara wọn títí ọ́ìlì á fi gòkè padà tàbí títí ooru á fi dí àlàfo náà. Ó lè má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Kí o tó wà á dé abẹ́ igi mẹkáníìkì, ó ti dákẹ́ fọ́ọ́. Mẹkáníìkì á tẹ́tí, á ní, “Ọ̀gá, mi ò gbọ́ nǹkan kan o.” Ìwọ náà á wá máa fẹnu ṣe kàkàkà-kàkàkà láàárín àwọn ọmọṣẹ́ tó ń fi ọ́ rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, mẹkáníìkì ló ń wá sílé, ó sì gbọ́dọ̀ dé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́.

Àwọn òyìnbó ìjọba ló kọ́kọ́ ń gbé GRA, lódìkejì odò Àsà sí ìlú àtijọ́ tí ààfin Ẹmíà wà. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ ní 1967, tí Ìlọrin di olú-ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba aláwọ̀ dúdú ló kó sínú ilé wọn: ilé pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ọgbà rẹ̀ fẹ̀, igi máńgòrò àti dóńgóyárò níwájú, bọ́ìsì-kọ́tà lẹ́yìn. Ilé tí ìjọba fún bàbá wa ò jìnnà sí Ahmadu Bello Way. Owó tí ìjọba yá a, tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ lára owó oṣù ẹ̀, ló fi ra Peugeot 504 ní 1978. Ìgbà mọ́tò nìgbà yẹn. Ní 1975, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó, ọdún yẹn náà sì ni àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Údójì bọ́ sápò àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tí kò bá ní 504 á ní Ìjàpá Volkswagen, tàbí Datsun, tàbí Passat.

Bí ọyẹ́ bá mú, mo máa ń fi aṣọ borí lórí bẹ́ẹ̀dì, kí n sì mọ ẹni tó ń jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìjàpá dókítà kan tó ń gbé ní òpópónà kejì máa ń wúkọ́ pátá-pátá kó tó gbiná. Datsun ìyá kan tó jẹ́ olùkọ́ àgbà máa ń ké fíín, bẹ́líìtì tí òtútù mú le ni. 504 tiwa ní tirẹ̀ máa ń ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀ nísàlẹ̀, ohùn tó jinlẹ̀, á sì parẹ́ kí bàbá wa tó mu tíì tán. Kò fẹ́ràn ohùn yẹn rárá. Kò tíì san gbèsè mọ́tò náà tán.

Ààfáà ni gbogbo ilé ń pe mẹkáníìkì wa, torí pé ilé kéú ló ti wá sídìí iṣẹ́. Pàkátà ni ilé ẹ̀. Ó máa ń gun kẹ̀kẹ́ gba orí afárá odò Àsà kọjá nínú òtútù, á wọlé láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ìsì-kọ́tà, á fi omi ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ṣe àlùwàlá, á kírun àsùbáà lórí símẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ni yóò tó yọ síwájú ilé.

“Ẹ kú ọyẹ́, Alàájì.”

“Ẹ kú ọyẹ́, Ààfáà. Ó tún ń ṣe é o.”

Kò ní fèsì. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, dírẹ́bà ti sún mọ́tò kúrò lábẹ́ igi kó lè ráyè fọ̀ ọ́. Ààfáà fọwọ́ kàn án, ó lọ́wọ́ọ́wọ́, ló bá yí kẹ̀kẹ́ ẹ̀ padà. Bàbá wa bẹ̀ ẹ́ pé ṣebí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló fi ṣiṣẹ́. Ó ní ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn gan-an lòun tìtorí ẹ̀ wá láti Pàkátà.

Síkúrú-díráífà gígùn kan ni irinṣẹ́ ẹ̀ fún etí. Á fi ẹnu rẹ̀ ti ara èńjìnnì, á fi èèkù igi rẹ̀ ti eegun tó wà níwájú etí, á dijú. Èmi ló máa ń gbé sídìí kọ́kọ́rọ́, torí pé ẹsẹ̀ mi ò tíì gùn débi tí mo lè tẹ tòròtù. “Fa ṣóòkù. Ó tó. Tan án.” Gbogbo èńjìnnì á gbọ̀n, èéfín á rú, kọ̀-kọ̀-kọ̀ á bẹ̀rẹ̀, òun á sì máa sún síkúrú-díráífà náà kiri: lórí ìdérí tọ́pẹ́ẹ̀tì, níwájú níbi tí ṣéènì wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bulọ́ọ̀kù nísàlẹ̀. Ariwo á parẹ́. Á ní kí n pa á. Ó parí nìyẹn títí di ọjọ́ kejì.

Ohun tí mi ò tètè mọ̀ nígbà náà ni pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mọ́tò ń dáhùn láàárọ̀. Bí o bá ti tan án tó gbóná, ààyè ìdánwò ọjọ́ yẹn ti tán. Ààfáà á wá máa to àwọn ìbéèrè ẹ̀ tẹ̀ léra wọn. Láàárọ̀ kan, ó yọ bẹ́líìtì fáànù kí a tó tan án, kó lè mọ̀ bóyá fáànù, wọ́tà-pọ́ńpù tàbí jẹnẹrétọ̀ ló ń pariwo. Ariwo ò kúrò. Láàárọ̀ mìíràn, ó ṣí ìdérí tọ́pẹ́ẹ̀tì kó tó di pé oòrùn yọ, ó fi fíláà-gééjì wọn àlàfo tọ́pẹ́ẹ̀tì lọ́kọ̀ọ̀kan: 0.10 milimítà fún èyí tó ń gba afẹ́fẹ́ wọlé, 0.25 fún èyí tó ń lé èéfín jáde. Inú òtútù ni wọ́n ń wọn ọ́n. Ó tún àwọn kan ṣe, tíkí-tíkí òkè sì dákẹ́, àmọ́ kọ̀-kọ̀ ìsàlẹ̀ ò mira. Ó tún fọwọ́ yí etí mánífóòdù ká láti mọ̀ bóyá atẹ́gùn ń fẹ́ jáde níbì kan, torí gásíkẹ́ẹ̀tì tó bá jò máa ń pariwo bíi tọ́pẹ́ẹ̀tì, á sì dákẹ́ bí irin bá ti gbóná tó fẹ̀.

Ibi tó parí sí ni wáyà pílọ́ọ̀gì. Ó ká àkísà mọ́wọ́, mo tan èńjìnnì, ó ń fà wọ́n yọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń dá wọn padà kíá. Nígbà tó fa ẹ̀kẹta, kọ̀-kọ̀-kọ̀ rọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún mọ́. Ó dá a padà. Ó tún le. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ń wo bàbá wa lójú bó ṣe ń fà á.

“Píístìn kẹta ni, Alàájì. Àlúmínì ni píístìn, irin ni slífù tó yí i ká. Bí ara wọn bá tutù, àlúmínì ló ń sún kì jù, òun ló ń mì sọ́tùn-ún sósì. Bó bá gbóná, ó kún ibẹ̀ padà. Ẹ má tú u o. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ẹ má tẹ iná sí i. Ó ṣì máa pẹ́.”

Bàbá wa ò gbà. Mo rò pé ohun tó bí i nínú ni pé lẹ́yìn gbogbo àárọ̀ wọ̀nyẹn, ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un ni pé kó má ṣe nǹkan kan. Ó gbé mọ́tò lọ sí ilé iṣẹ́ ńlá kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ń wọ ofaróòlù funfun. Wọ́n tú èńjìnnì, wọ́n pààrọ̀ ríǹgì, wọ́n kọ ìwé owó tó gùn. Mọ́tò dé, ó sùn mọ́jú, ó tún ṣe kọ̀-kọ̀-kọ̀. Ó sì ń jo ọ́ìlì sílẹ̀ níbi tí kò jò tẹ́lẹ̀. Wọ́n tún ránṣẹ́ sí Pàkátà. Ààfáà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọ́ wọ abẹ́ mọ́tò, ó dí ibi tó ń jò, bàbá wa sì sanwó gásíkẹ́ẹ̀tì fún un, pẹ̀lú tíì gbígbóná àti búrẹ́dì tí wọ́n fi bọ́tà sí.

N kò ní sọ pé gbogbo ohun tó ń ṣe ló dára. Ó máa ń gbá àwọn ọmọṣẹ́ ẹ̀ létí, létí gan-an tó fẹ́ kí wọ́n máa fi gbọ́ iṣẹ́. Ọ́ìlì dúdú tó bá tú jáde, ẹ̀gbẹ́ ọgbà ló ń dà á sí, koríko ò sì hù níbẹ̀ mọ́ títí a fi kúrò. Bó bá sì di ọ̀rọ̀ ọ́ìlì, èyí tó ki ló gbà gbọ́. SAE 40 ló ń dà sínú mọ́tò gbogbo èèyàn, òjò òun ọyẹ́. Ọ́ìlì tó ki máa ń pa ariwo èńjìnnì tó ti jẹ mọ́ra bó bá gbóná, àmọ́ láàárọ̀ òtútù, ó máa ń pẹ́ kó tó gun òkè, àwọn irin ibẹ̀ á sì máa fẹnu gbígbẹ lu ara wọn. Lónìí, ara agolo ni wọ́n ń kọ ọ́ sí: nọ́ńbà tó ṣáájú W nínú 5W-30 ló ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tó bá tutù. Ìmọ̀ yẹn ti wà láyé nígbà náà, kò kàn tíì dé ọ̀dọ̀ wa lábẹ́ igi máńgòrò ni. A tún rí ọ̀gá kan ládùúgbò tí Ààfáà ní kó pààrọ̀ ṣéènì. Ó pààrọ̀ ẹ̀, ariwo ò lọ, owó sì ti lọ. Kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè irú èyí tó bá tàsé. Bóyá gbígbọ́ tó ń gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ló fà á.

Ní 1986, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Náírà bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀, 504 tuntun sì bọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Tòkúnbọ̀ tó ń gba Kútọnu wọlé ló gba ìgboro, àwọn mọ́tò tó sì yẹ kó ti fẹ̀yìntì ò ráyè fẹ̀yìntì. Ariwo àárọ̀ GRA wá pọ̀ sí i. Àkókò yẹn ni etí Ààfáà wúlò jù. Aládùúgbò wa kan fẹ́ ra tòkúnbọ̀, ó mú un dání, mo tẹ̀ lé wọn. Mọ́tò náà ń dán, èńjìnnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni tẹ iná sí i, ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín. Ààfáà fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì.

“Ó ti jí kí a tó dé,” ló sọ. “A ó padà wá lọ́la, kí ẹ má fọwọ́ kàn án.”

A padà dé ibẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí ọlọ́jà tó jí. Nígbà tí wọ́n tan án, tí wọ́n sì tẹ iná sí i, gbọ̀-gbọ̀-gbọ̀ kan bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, kò sì lọ. Bí wọ́n ṣe ń tẹ iná sí i náà ló ń le. Ààfáà ní kọn-rọ́ọ̀dù ni, pé èyí ò ní dákẹ́ bó bá gbóná, ṣe ni yóò máa le sí i títí yóò fi yọ ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bulọ́ọ̀kù. Aládùúgbò wa ò rà á. Òfò ńlá ló yẹ̀ lórí ẹ̀ láàárọ̀ yẹn. Ó bọ Ààfáà lọ́wọ́, ó ní Ọlọ́run yóò san án fún un.

Mo máa ń fi èyí wé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mọ́tò ọmọ mi. Ó fa gééjì ọ́ìlì yọ bí mẹkáníìkì Ìbàdàn ṣe sọ. Ẹnu gééjì ló kù tí ọ́ìlì ń kàn. Ọ́ìlì ló ń ti gíà VVT-i àti ohun tó ń fa ṣéènì le, bó bá sì kéré, wọ́n á máa jà jàlà-jàlà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó ra ọ́ìlì kún un, ariwo náà dínkù. Kí ó tó fi ohùn ránṣẹ́ rárá, ó ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ọmọdékùnrin kan tó ní scanner. Láti 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà pé kí gbogbo mọ́tò tuntun ní ihò tí wọ́n ń ki irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bọ̀. Ẹ̀rọ náà ní kò sí nǹkan. Òótọ́ ló sọ. Ohun tí àwọn sẹ́ńsọ̀ bá fi létí ló mọ̀, irin tó kàn lu irin fún ìgbà díẹ̀ láàárọ̀ ò sì sí nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń bá a sọ. Nǹkan tí Ààfáà ì bá fi àárọ̀ púpọ̀ wá ni ọkùnrin Ìbàdàn rí kí omi ìwẹ̀ tó tutù. N kò ní parọ́, ó wù mí. Àmọ́ kọ̀-kọ̀ tó jinlẹ̀ bíi ti 504 wa, fóònù kì í gbà á dáadáa. Ohùn ìsàlẹ̀ máa ń sọnù nínú ẹ̀. Ká ní irú èyí ni, ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin Ìbàdàn náà gbọ́ ọ ní tíkí-tíkí.

Ọmọ mi ò sì lè pààrọ̀ mọ́tò. Láti oṣù karùn-ún 2023 tí owó ìrànwọ́ epo ti lọ, tí náírà náà sì tún já lóṣù tó tẹ̀ lé e, iye tí wọ́n ń pe tòkúnbọ̀ ti kọjá ohun tí olówó oṣù ń sún mọ́. Èyí tó wà nílẹ̀ ni yóò máa tọ́jú, pẹ̀lú ariwo ẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn bàbá wa ṣe tọ́jú tiwọn nígbà SAP.

Ìgbà tí bàbá wa ku díẹ̀ kó fẹ̀yìntì ni 504 yẹn tún yí ohùn padà: gìrììì, bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ, láàárọ̀ nìkan. Wọ́n ránṣẹ́ sí Pàkátà. Ara Ààfáà ò dá. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin ló wá, ọmọ tó ti bá bàbá ẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti kékeré, tó sì ti wà ní Poly nígbà náà. Ó fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó yọ bẹ́líìtì, ó ní kí n tan án: kò sí ariwo. Kíá ló ní kí n pa á, ó dá bẹ́líìtì padà, ó ní kí n tún tan án: gìrììì. Bàbá ẹ̀ ì bá dúró dọ̀la. Ọmọ yìí ti ro ó pé wọ́tà-pọ́ńpù tí kò tíì yí ò lè tíì gbóná.

“Bẹ́árínnì wọ́tà-pọ́ńpù ni, sà. Bẹ́ẹ̀ bá ra òmíràn, ẹnikẹ́ni lè bá yín dè é.” Ó nu ọwọ́. “Èló lẹ máa fún mi, sà?”

“Lórí kí ni?” ni bàbá wa wí. “O ò tíì tú nọ́ọ̀tì kan.”

“Lórí bí mo ṣe gbọ́ ọ, sà.”

Inú bí bàbá wa. Ó ka tíì. Ó ka búrẹ́dì. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i ni ẹran Iléyá ti ń ti ilé yìí lọ sí Pàkátà lọ́dọọdún, pé kó lọ bi bàbá ẹ̀.

“A jẹ ẹ́, sà,” ni ọmọ náà fèsì, kò gbóhùn sókè. “Ẹ ṣeun. Owó ìdánwò ni mò ń wá.”

Màmá wa ló jáde láti ilé ìdáná, ó tú ìṣẹ́tí ìró, ó ka owó sí i lọ́wọ́, ó sì ní kó bá àwọn kí bàbá ẹ̀. Bàbá wa ò bá màmá wa sọ̀rọ̀ títí tí a fi jẹun alẹ́ tán. Lọ́sẹ̀ yẹn, ó ra wọ́tà-pọ́ńpù tuntun, wọ́n dè é, ariwo náà sì lọ.